Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta: mo fẹ́ mú ìyá ọkọ mi lọ, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ṣadé_Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá kí wa l'Ékòó, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ dé Ìtòkú, kí àwọn fojú ara àwọn rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ, torí èyí tí àwọn ń rà ní Gbági n'Íbàdàn kò dá àwọn lójú mọ́, iwájú ní àwọ̀, ẹ̀yìn funfun báláú, tí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ díẹ̀ ó ti di àkísà. Mo wá ní kí n mú wọn lọ ní Sátidé. Èmi fúnra mi, Olúmọ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀, ilé-ìwé ló kó wa lọ ní pírámárì, a gòkè, a sọ̀kalẹ̀, a jẹ bísíkíìtì, wọ́n kó wa sọ́kọ̀ padà, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọjà kankan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.
Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ibẹ̀ ṣe é rìn fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, báwo lẹ ṣe ń dá èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe mọ̀, àti pé tá a bá rajà tán, kí ló tún wà nítòsí tínú Màmá á dùn sí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì o, ẹ má fún mi ní ìtàn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè títí tí n ó fi sunkún.

Ọmọ_Ìkìjà
Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ sílé. Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀nà ná. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí gòsílóò pa Màmá lójú ọ̀nà, ẹ wọ rélùwéè. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí tuntun yìí ní 2021, ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta tàbí ní Agége, ó ń dúró l'Ábẹ́òkúta kó tó forí lé Ìbàdàn. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdó tiwa, Ládèrin ló wà, kò sún mọ́ Ìtòkú rárá, ẹ máa wọ takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọ̀lú. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, ẹ má dúró di àárọ̀ Sátidé.

Ti orúnkún, ẹ kọ́kọ́ lọ Olúmọ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ fi ọjà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ẹni tí ò bá dé góńgó orí òkè kò rí Olúmọ. Irọ́ ni! Òkè yẹn, afẹ́fẹ́ àti fọ́tò ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìtàn wà. Ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun wà níbẹ̀, ó rẹlẹ̀ débi pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ó rí kòtò róbótó róbótó lójú òkúta níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Ojúbọ náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń bọ ọ́. 1830 ni Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó síbòji, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín gòkè lọ ya òrùlé páànù tó dípẹtà yẹn tí gbogbo ayé ń yà.

Láti Olúmọ sí Ìtòkú kò jìnnà, ẹlẹ́sẹ̀ tó le á fẹsẹ̀ rìn ín, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà wa, òkúta lẹ bá wa dó lé lórí, torí náà ẹ bá Màmá dá kẹ̀kẹ́ dúró.

AláróKẹ́mta
Èmi rèé o, ọmọ aláró, ọmọ ọmọ aláró, mò ń tajà n'Ítòkú títí dòní. Ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ yí aṣọ padà. Èyí tí mẹ́ṣìn tẹ̀ láti ìlú òyìnbó tàbí ṣáínà, ojú kan ni wọ́n kun, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì wọ̀ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ti wa, inú aró la rì í sí, aró á mu ún tẹ̀yìn tiwájú. Lẹ́yìn náà ẹ wo bátànì. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe mẹ́ṣìn, òdòdó kan á ga ju èkejì, òmíràn á gun orí ẹnìkejì rẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó rí bí ògiri tó sán, àbẹ́là ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá kán lára aṣọ tí aró sì yọ́ wọbẹ̀. Àwọn ẹni yẹn gbọ́n o, wọ́n ń tẹ ìlà wẹ́wẹ́ yẹn náà mọ́ tiwọn! Ṣùgbọ́n ẹ mú ìlà kan, kẹ́ ẹ máa fojú tẹ̀ lé aṣọ lọ síwájú, tó bá jẹ́ ti mẹ́ṣìn ẹ ó tún bá ìlà yẹn gan-an gan-an, bó ṣe wọ́ síbí bó ṣe kọ́ sọ́hùn-ún, kò yàtọ̀. Ọwọ́ ò lè sán àbẹ́là lẹ́ẹ̀mejì bákan náà láyé.

Ẹ má kàn rà kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ bẹ ẹni tẹ́ ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kó mú yín dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wa ò ní kọ̀. Ẹ ó rí i bá a ṣe ń tẹ́ téru funfun sórí tábìlì, tá a ti gé fóòmù ní bátànì, tá a rì í sínú àbẹ́là tó ti yọ́ tó gbóná, tá a wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ pá, pá, pá, ó gbọ́dọ̀ yá torí àbẹ́là ò ní dúró dè ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan aró. Ẹ jẹ́ kí Màmá rí èyí o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ láìrí i: tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró búlúù, kì í ṣe búlúù! Àwọ̀ ewé ló ní. Bí a bá ṣe ń gbé e sókè tí afẹ́fẹ́ ń kàn án ló ń yí, létí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa ṣókùnkùn bọ̀ wá sáàárín lójú yín báyìí. Títí di òní mo ṣì máa ń dúró wò ó. Lẹ́yìn náà a ó kó o sínú omi gbígbóná kí àbẹ́là yọ́ kúrò, á léfòó, a ó bù ú, a ó tún un lò.

Tíṣà_Àgbà
Ọmọ mi, o káre, o ṣàlàyé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fún ìyá yẹn, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Fóòmù àti àbẹ́là yìí, àná ló dé. Àdìrẹ tí àwọn ìyá wa ṣe, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìkòkò títí tí á fi kan, ẹni tó bá kọjá lójúde á mọ̀ pé ilé aláró nìyí kó tó rí ẹnikẹ́ni. Láfún ni wọ́n ń fi ro ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya bátànì sórí aṣọ, àwọn mìíràn á gbé páànù tí wọ́n ti gé lé e, wọ́n á fi ẹ̀kọ rá a. Oníko ń fi ìko dì í, alábẹ́rẹ́ ń rán an pọ̀. Bátànì wọn ní orúkọ: Òṣùpá ńlá àti ìràwọ̀, Olókun, Ìbàdàndùn tó jẹ́ ti àwọn ará Ìbàdàn, Júbílì tí wọ́n ṣe nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ṣe ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935. Ibo lẹ ti máa rí ìyẹn n'Ítòkú lónìí?

Ohun kan tún nìyí. Ẹ ò lè fi ẹ̀yìn aṣọ nìkan dá àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ní bátànì tó hàn gbangba, búlúù ló máa jẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹ̀yìn tó bá dúdú, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Ẹ̀yìn tó bá funfun lẹ máa sá fún.

AláróKẹ́mta
Tíṣà, ẹ ṣeun, ti ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ yẹn ó tọ́, mi ò sọ ọ́ torí kò pọ̀ lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fẹ́ dúró de ẹ̀lú? Oníbàárà á ní ọ̀la lòun ń ṣe ìnáwó. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá dé ọjà, èyí tó pupa tó ní yẹ́lò lẹ máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, ẹ̀lú ò lè fún yín ní pupa.

Bọ̀dá_Sápọ́n
😂😂 ó ti dé! Mo ti gbé àga mi jókòó.

Akọ̀wé_Aké
Tíṣà, ẹ jẹ́ n bá ọmọ yìí gbè díẹ̀, ìwé ni mo fi ń jẹun. Ìjà tẹ́ ẹ̀ ń jà yìí, àwọn ìyá wa ti jà á parí kí wọ́n tó bí yín. Nígbà tí kọ́sítíìkì sóòdà àti aró òyìnbó dé ọjà wa, àwọn aláró Abẹ́òkúta ló sáré gbá a mú, torí omi eérú ń gba àsìkò, igi ìdáná sì wọ́n. Ni àwọn kan bá ń ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó, pé aró ń ṣí, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá wá ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Àwọn aláró ò gbà! Obìnrin tí ẹ rò pé kò mọ̀ ju ìkòkò aró rẹ̀ lọ, wọ́n kóra jọ, wọ́n bá ààfin àti ìjọba òyìnbó fa ọ̀rọ̀ yẹn, ó le débi pé ní 1936 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ àwọn ni, àwọn ló mọ ohun tó yẹ kí àwọn fi ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ro ti 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde torí owó orí títí tí ọba yẹn kan náà fi gbé oyè sílẹ̀ ní 1949, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ààfin. Torí náà lójú tèmi, kì í ṣe ẹ̀lú ló sọ aṣọ di àdìrẹ. Ọwọ́ ni. Ẹni tó jókòó tó dì í tàbí tó tẹ̀ ẹ́, tó sì rì í sáró, àdìrẹ ló ṣe. Èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá tó ti ní bátànì lára, ankará ni, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tà á lówó ankará.

Tíṣà_Àgbà
Mo gbọ́, akọ̀wé. Ẹ ò yí mi lọ́kàn padà pátápátá o. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni, ẹni tó fi ẹ̀lú ṣe é, ó yẹ kó gba owó ẹ̀lú, kí ẹni tó fi aró òyìnbó ṣe é sì la ẹnu sọ fún oníbàárà pé aró òyìnbó ni. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

AláróKẹ́mta
Ìyẹn ò lè dìjà, èmi máa ń sọ.

Gbénga_Òṣogbo
Ẹ kú àríyànjiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ṣì ń fi ìyẹ́ yà, ẹ kọjá wá sí Òṣogbo, ẹ̀ẹ́ tún rí igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé wọn ní 2005. Mo kàn ní kí n sọ.

Ọmọ_Ìkìjà
Gbénga, a ò pè ọ́ o 😂 ìyá yẹn ní Ìtòkú, wọn ò ní odò.

Ṣadé_Ìjẹ̀bú
Ẹ wò ó, mo ka ọ̀rọ̀ ìjà aláró yẹn sétí Màmá lórí fóònù, wọ́n ní kí n bi akọ̀wé pé ṣé ohun kankan wà tí èèyàn lè fojú rí níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn. Ẹ dákun ẹ bá mi dáhùn. Ẹ tún sọ ti ibòmíì tá a lè yà, ṣùgbọ́n kó má pọ̀ jù.

Akọ̀wé_Aké
Ẹ kí Màmá fún mi, ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀. Aké ni kẹ́ ẹ gbà lọ tẹ́ ẹ bá kúrò n'Ítòkú. Ààfin tí àwọn obìnrin yẹn jókòó tì tí wọ́n ń kọrin ìbínú wà níbẹ̀, òun ni ààfin Aláké títí dòní. Ẹ má kàn já wọlé o, ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu géètì, ẹ sọ pé ẹ wá wò ó ni, wọ́n á júwe ibi tẹ́ ẹ lè dé fún yín. Sẹ́ńtínárì Họ́ọ̀lù wà níbẹ̀ náà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1930 nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ jẹ́ kí Màmá wo iwájú ilé yẹn dáadáa.

Ẹ wá yà sí Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere tó dé Abẹ́òkúta ní 1843, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Màmá tíṣà á fẹ́ràn èyí: Townsend yìí ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ìlú, ní 1859 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tá a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún kejì ni wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó ń bá a lọ títí di 1867 tí àwọn Ẹ̀gbá bínú sí àwọn òyìnbó, tí wọ́n fọ́ ilé wọn, tí wọ́n lé wọn jáde, Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọdún yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá a lọ.

Ti àwọn obìnrin, ilé àwọn Kútì wà n'Ísàbọ̀. Tí ọjọ́ bá ṣì kù, Ẹfúnróyè Tinúubú náà ò yẹ kẹ́ ẹ fò, òun ni Ìyálóde Ẹ̀gbá àkọ́kọ́, ó tà, ó rà, ó sì pèsè ìbọn àti ẹ̀tù nígbà tí Dàhọ̀mì tún kógun wá ní 1864. Ọjà ni obìnrin yẹn fi di alágbára, kì í ṣe ọkọ.

Yétúndé_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣègbéyàwó, a fẹ́ fi àdìrẹ ṣe aṣọ ẹbí, èèyàn á tó ọgọ́ta. Tẹ́lẹ̀ a rán ẹnì kan, aṣọ dé, búlúù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la bá nínú rẹ̀, nígbà tá a tò fún fọ́tò, a dà bí ìdílé mẹ́ta tó ń bára wọn jà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

AláróKẹ́mta
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n rà á jọ láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, ẹ má ra èyí tó wà lórí igi. Ẹ bá aláró kan sọ̀rọ̀ ní tààrà, kí ó kọ́kọ́ rẹ yáàdì kan fún yín, kẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a, torí àwọ̀ tó wà nínú omi kọ́ ni àwọ̀ tó máa kù tó bá gbẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó ní kó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó po aró rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì ṣe díẹ̀ lé e, torí ẹni kan á ṣáà wá lọ́jọ́ tó kù ọ̀la pé òun náà fẹ́ dá a. Ẹ béèrè irú aṣọ tó fẹ́ lò kẹ́ ẹ tó sanwó, téru àti bùrọ́kéèdì kì í mu aró bákan náà.

Ẹ má sì dúró di àsìkò òjò o! Oòrùn ni òṣìṣẹ́ wa àkọ́kọ́. Tójò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ aṣọ ò ní gbẹ, ẹ máa pe fóònù mi, mi ò ní gbé e.

Bọ̀dá_Sápọ́n
Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má wọṣọ òde wá ná ọjà. Tẹ́ ẹ bá kó góòlù sọ́rùn tẹ́ ẹ tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè iye, iye yẹn á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ jẹ́ kí Màmá ná an. Àgbàlagbà Ìbàdàn tó mọ Gbági, ta ló máa rẹ́ wọn jẹ? Yáàdì márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sábà ń dì í o, ẹ ka aṣọ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ má baà ra ààbọ̀ ìró.

Àti ti fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Àwọn kan máa ń kàn na fóònù sí ìyá àgbà tó ń di ìko lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ò kí i, wọ́n ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò dáa.

Ṣadé_Ìjẹ̀bú
Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí ti pọ̀ tó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Olúmọ láàárọ̀, Ìtòkú, ilé aláró, Aké, tó bá kù a ó yà n'Ísàbọ̀. Oúnjẹ ńkọ́? Màmá ò jẹ oúnjẹ inú ike.

Ọmọ_Ìkìjà
Ẹ dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ẹ tún ń béèrè oúnjẹ? Láfún ni! Funfun, rírọ̀, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, tàbí ọbẹ̀ ata tó ní ẹran. Ẹ bi aláró tẹ́ ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí òun alára ti ń jẹ lọ́sàn-án, ẹ má bi oníkẹ̀kẹ́, ibi tí wọ́n bá fún un ní kọmísọ́ọ̀nù ló máa gbé yín lọ. Ìrẹsì Ọ̀fadà náà wà tí Màmá bá ní àwọn ò fẹ́ òkèlè, ìpínlẹ̀ wa náà ló ti wá.

Tíṣà_Àgbà
Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ láfún yẹn kí wọ́n tún mọ̀ pé òun náà ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ àdìrẹ. Ìyá tíṣà ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ṣadé_Ìjẹ̀bú
Háà Tíṣà 😂 mo máa sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ti mú òkèlè àkọ́kọ́. Ìbéèrè tó kù nìyí, báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́ tí kò fi ní ba aṣọ ọkọ mi jẹ́?

AláróKẹ́mta
Ẹ dá a fọ̀, òun nìkan, fún ìgbà bíi mélòó kan. Omi tútù, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì hó o, ẹ má sì da bílíìṣì sí i láéláé. Tí omi bá ṣì ń yọ àwọ̀, ẹ máa ṣan án títí tó fi máa mọ́, aró tó lékè ló ń jáde yẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣí. Ẹ sá a síbòji, kẹ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta. Tẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú ní Sátidé, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì mi, mo wà lọ́jà títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń sinmi.